Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹbí Ọmọ tó Farapa Lẹ́nu Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ológun, tí Wọ́n sì Lè Dá Padà Sílé

Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí wà fún òbí, ẹ̀gbọ́n àti alágbàtọ́ ní Abẹ́òkúta tí ọmọ wọn wọ iṣẹ́ sójà, tó farapa kí ó tó dé ọjọ́ páréèdì ìjáde, tó sì ti ń gbọ́ ọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá òun dúró. Depot Nigerian Army, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sójà tuntun ní Zaria, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ni a ní lọ́kàn jù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò wúlò fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ológun ojú omi tàbí ti òfuurufú. Bí àyè kò bá gbà yín láti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ka ìdáhùn sí ìbéèrè kejì.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lè dá ọmọ dúró nítorí pé ó farapa?

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ọmọ ti wọlé ni ó ti wà lábẹ́ òfin ológun, iṣẹ́ náà sì ń béèrè ara tó lè gbé e. Ṣùgbọ́n ìdádúró nítorí àìlera yàtọ̀ pátápátá sí ìlékúrò nítorí ìwà: ẹ̀rí dókítà ni ti àkọ́kọ́ dúró lé, ẹ̀sùn ni ti ìkejì dúró lé, ìwé tí wọ́n ń fi léni lọ́wọ́ kò sì rí bákan náà. Olùkọ́ni tó bá pariwo lórí pápá pé "Lọ́la ni wàá lọ bá ìyá ẹ nílé" kò tíì dá ẹnikẹ́ni dúró; ariwo wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bi ọmọ náà léèrè ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un gan-an, yálà dókítà ni, tàbí ọ̀gá tó ń ṣàkóso wọn, tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Púpọ̀ nínú ẹ̀rù tó ń ti Zaria dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ inú yàrá ìsùn lásán ni.

Kí ni ó yẹ kí ọmọ náà ṣe kí ohunkóhun mìíràn tó tẹ̀lé e?

Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ibùdó, kí ó sọ ohun tó ṣe é, kí ó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí ni àwọn sójà ń pè ní report sick. Kí ó sọ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, irú eré tàbí ìdánrawò tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, ibi tó ń dùn ún àti ohun tí kò lè ṣe mọ́, bí ẹni pé, "Mi ò lè fi ẹsẹ̀ òsì fo kòtò mọ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì." Bí wọ́n bá fún un ní ìwé excuse duty, ìyẹn ìwé tó yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ tàbí eré kan, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó má sì sáré kọjá ohun tí ìwé náà gbà á láàyè nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí òun fúnra rẹ̀ tún ní bébà kékeré kan tí ó ń kọ ọjọ́, oògùn tí wọ́n fún un, àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà lórí pápá sí.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ èyí ju gbogbo ohun mìíràn lọ ni pé gbogbo ìbéèrè tó máa wáyé lẹ́yìn náà ni yóò padà sórí àkọsílẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́: bóyá ẹnu ẹ̀kọ́ ni ó ti farapa tàbí ó ti gbé e ti ilé wá, bóyá wọ́n tọ́jú rẹ̀ lásìkò, bóyá ẹ̀tọ́ kan wà fún un. Wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á, nítorí náà ìwé ìyẹ̀wò yẹn ń jẹ́rìí pé ara rẹ̀ le nígbà tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yẹn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ìwé kankan tó sọ ọjọ́ tí nǹkan yí padà. Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ nílé: ẹ wá káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ àtijọ́ àti gbogbo èsì àyẹ̀wò tó ṣe kí ó tó lọ, kí ẹ kó wọn jọ sínú fáìlì kan.

Àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ ṣe èyí. Wọ́n á ní àwọn tó ń lọ rí dókítà ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ, wọ́n á sì máa tiro lójú ìrora fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan títí ohun tí ìsinmi díẹ̀ ìbá wò yóò fi di ohun tí kò ṣeé fara dà mọ́. Lójú tiwa, ìpamọ́ra báyìí ni ó ń dá ọmọ padà sílé ju ìfarapa fúnra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọ láti bù kún un o, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òfin ológun ka fífi àìsàn díbọ́n sí.

Irú ìfarapa wo ni ó wọ́pọ̀?

Ẹsẹ̀ ni ó pọ̀ jù: ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́, orúnkún tí iṣan inú rẹ̀ já tàbí fà, àti ojúgun tó ń dùn ún láti inú eegun wá. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni eegun tó sán díẹ̀díẹ̀ nítorí ìrìn àti eré àsáàsátán, láìjẹ́ pé ọmọ náà ṣubú rárá. Kì í ṣe ohun tuntun. Dókítà ológun kan ní Prussia, ìjọba àtijọ́ kan tí apá kan ilẹ̀ rẹ̀ wà ní Jámánì lónìí, ti kọ nípa rẹ̀ lára ẹsẹ̀ àwọn sójà rẹ̀ ní 1855. Ọmọ tí kò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí nílé, tó wá ń fi bàtà líle sáré lójoojúmọ́, eegun rẹ̀ kì í ráyè tún ara rẹ̀ ṣe kí ẹrù ọjọ́ kejì tó tún dé.

Ohun tí ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó lè má hàn nínú àwòrán X-ray ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní "X-ray kò rí nǹkan kan," tí ìrora náà sì wà lójú kan ṣoṣo tí kò kúrò níbẹ̀, kí ọmọ náà fi ọ̀wọ̀ béèrè pé kí wọ́n tún un yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n ṣe MRI fún un, èyí tó máa ń tètè rí i. Púpọ̀ nínú irú eegun sísán bẹ́ẹ̀ ń jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ bí ó bá sinmi. Èyí tó wà ní ọrùn eegun itan, tí ọmọ yóò máa pe ìrora rẹ̀ ní ti ìpàdé itan àti ikùn tàbí ti ìbàdí, kò gba ìdúródè: bí ó bá ṣẹ́ pátápátá, ó lè di iṣẹ́ abẹ, ó sì lè ṣàkóbá fún ìrìn rẹ̀ títí ayé.

Yàtọ̀ sí eegun, ooru wà. Ẹni tí ooru bá mú lórí pápá débi tí ara rẹ̀ gbóná ju 40°C lọ, tó sì ń sọ ìsọkúsọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárẹ̀ lásán. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn oníṣègùn ibùdó mọ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn ń parí ẹ̀kọ́ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n eré àṣejù nínú ooru lè mú kí iṣan ara wọn máa tú, kí ìtọ̀ wọn pọ́n dúdú, kí kíndìnrín sì dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kí a mú un lọ sọ́dọ̀ teguntegun. Kí ni ẹ rí sí i?

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹ̀gbá ni ó ní ẹni tí teguntegun tọ́jú tó sì rìn. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ń rí léraléra ni ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ọparun tàbí igi dì le jù, tí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá, tó sì jẹrà débi tí wọ́n fi gé e. Bí ìka ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù, tó dúdú, tàbí tí kò mọ ohun tó kàn án mọ́, kí ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ òru.

Ìdí kejì tí a fi ń kọ̀ ọ́ jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí gan-an. Ìgbìmọ̀ oníṣègùn ológun kò ní ka ohun tí teguntegun ṣe sí ẹ̀rí, wọ́n sì lè sọ pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà ti bàjẹ́. Kí ẹ má fi àgbo tàbí ìkunra ránṣẹ́ sí ibùdó pẹ̀lú. Àwọn oògùn ìrora tí kẹ́míìsì ń tà bíi diclofenac àti ibuprofen náà ní ewu tiwọn: wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ sáré lórí eegun tó ti sán láìmọ̀, bí ó bá sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́ nígbà tí omi kò tó lára rẹ̀, kíndìnrín àti inú rẹ̀ lè fara gbá.

Wọ́n ní yóò jókòó níwájú bọ́ọ̀dù. Kí ni ìyẹn?

Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ológun ni, tí yóò wo èsì àyẹ̀wò, tí yóò yẹ ọmọ náà wò, tí yóò sì sọ bóyá ara rẹ̀ ṣì lè gbé iṣẹ́ náà. Ìmọ̀ràn wọn lè jẹ́ pé kí ó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, kí wọ́n fún un ní àkókò sí i láti gbádùn, tàbí pé kò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Àwọn ọ̀gá ni wọ́n máa ń fọwọ́ sí ìpinnu lẹ́yìn náà, nítorí náà ohun tí dókítà kan sọ lẹ́nu kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀.

Kí ọmọ náà mú gbogbo ìwé rẹ̀ lọ. Kí ó dáhùn ohun tí wọ́n bi í ní ṣókí àti ní òótọ́, kí ó sọ ohun tó ṣì lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Bí ó bá wù ú láti dúró sẹ́nu iṣẹ́, kí ó sọ ọ́ síta kedere, kí ó sì béèrè bóyá wọ́n lè fún un ní àkókò ìtọ́jú kí wọ́n tó pinnu. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi bí ó bá fi "sà" bẹ̀rẹ̀ tó sì fi "sà" parí rẹ̀.

Ṣé a lè lọ mú un wálé kí ọ̀rọ̀ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Rárá. Kíkúrò ní ibùdó láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ológun, kódà fún ẹni tó ń tiro. Ọmọ tí ìbá gba ìwé ìdádúró nítorí àìlera lè torí bẹ́ẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń wá. Ìyá tó bá ń sunkún pé òun fẹ́ rí ọmọ òun, ẹ jẹ́ kí ó kọ lẹ́tà ìbẹ̀wò sí Kọmandáǹtì ibùdó náà, kí ó kọ orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ǹjẹ́ a lè tọ́jú rẹ̀ níbí, ní Abẹ́òkúta?

Bí wọ́n bá fún un ní ìsinmi àìsàn pẹ̀lú ìwé, ó ṣeé ṣe. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà ni ẹ lè gbé e lọ fún ọ̀rọ̀ eegun. Kí ẹ gba èsì gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ní kíkọ, kí ọmọ náà sì fi í ránṣẹ́ sí ibùdó kí ọjọ́ ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́ tó pé. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìkẹyìn kí ẹ tó sọ pé ara rẹ̀ kò tíì yá.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn ọ̀gá ní bárékè Àlámàlà lè yanjú rẹ̀ nítorí pé ìtòsí ni wọ́n wà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun oníbọn ńlá, 35 Artillery Brigade, ni ó wà níbẹ̀, wọn kò sì ní agbára lórí ìpinnu ibùdó ìkọ́ṣẹ́. Ohun tí ẹ lè rí gbà níbẹ̀ kò ju àlàyé lọ. Bí wọ́n bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ológun tó wà ní Yaba, ìyẹn rọrùn fún wa: ẹ lè wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Laderin, kí ẹ sọ̀ ní Ebute Metta, Yaba kò sì jìnnà síbẹ̀ mọ́. Ti Kaduna, níbi tí ilé ìwòsàn ológun ńlá 44 wà, ni ó ń gba owó ọkọ̀ àti ibi ìsùn, kí ẹ sì pín ìrìnàjò náà láàárín ẹbí.

Báwo ni kí a ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù?

Ní ibùdó, fóònù kì í sí lọ́wọ́ wọn bó ṣe wù wọ́n, nítorí náà ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ máa ní. Ẹ má fi ṣòfò lórí ìwàásù. "Gbìyànjú, má dójú tì wá" ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ bàbá ń sọ, òun náà ni ó sì ń mú kí ọmọ pa ìrora mọ́. Bàbá tó bá sọ pé, "Ọmọ mi, ara rẹ la fẹ́ o, ilé kò lé ọ, ṣé o ti rí dókítà? Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé?" ti fún un ní ohun méjì tó nílò, ìyẹn ọkàn balẹ̀ àti ohun tó kàn láti ṣe.

Ìtìjú ilé wà lóòótọ́. Wọ́n ti lè se oúnjẹ fún ìjọ nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde, àwọn ará àdúgbò ní Lafẹ́nwá sì ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Sójà. Ẹrù ìyẹn kì í ṣe ti ọmọ. Kí àgbà kan nínú ẹbí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fi ohùn kan ṣoṣo dá gbogbo ẹni tó bá béèrè lóhùn: "Ó farapa lẹ́nu iṣẹ́, ó ń gba ìtọ́jú."

Bí ó bá ń sọ pé ayé òun ti parí, tí kò sùn, tí kò jẹun, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀ lára, kí ẹ má fi àdúrà nìkan dá a lóhùn. Ẹ sọ fún dókítà ibùdó tàbí àlùfáà ológun wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ti wà nílé, kí ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn Arò. A mọ bí orúkọ Arò ṣe rí létí wa níbí, tí a ń fi í bú ara wa lọ́jà. Ilé ìwòsàn tí Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, sọ di ohun tí gbogbo ayé ń wò láti 1954 ni, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ ibẹ̀ sì ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ǹjẹ́ owó kankan tọ́ sí i?

Ẹ má fọkàn sí òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010, nítorí pé ó yọ àwọn ológun sílẹ̀ ní tààrà. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ àwọn sójà, tí wọ́n ń pè ní HTACOS, ni ó ń sọ ohun tó tọ́ sí ẹni tó farapa. Owó ìfẹ̀yìntì lásán ń béèrè ọdún iṣẹ́ tí ọmọ tuntun kò tíì ní, nítorí náà ti ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀, kí ìbéèrè náà sì wà ní kíkọ. Military Pensions Board ní Abuja ni ó ń bójú tó owó àwọn tó ti kúrò. Kí ó tó fi ibùdó sílẹ̀, kí ó rí i pé òun gba ìwé ìdádúró tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ̀dà èsì ìgbìmọ̀ oníṣègùn, àti owó oṣù tó bá kù. Gbígba ìwé lẹ́yìn tó bá ti dé ilé máa ń le ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bí a bá gbà pé wọ́n ṣì í ṣe ńkọ́?

Òfin ológun fún sójà ní ọ̀nà láti fi ẹ̀sùn kàn: ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń ṣàkóso rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó gòkè. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́, kì í ṣe bàbá. Ilé-iṣẹ́ ológun ní ẹ̀ka ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016, èyí tí aráàlú lè kọ̀wé sí, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti orílẹ̀-èdè náà sì ń gba ẹ̀sùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ sí Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, wọ́n sì ń fi àkókò ṣòfò níbẹ̀, nítorí pé òfin tó dá àjọ yẹn sílẹ̀ yọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológun lábẹ́ òfin ológun kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ó bá di ti agbẹjọ́rò, ẹ má jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ẹjọ́ tí wọ́n bá pè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn agbẹjọ́rò sì ń jiyàn lórí ibi tí agbára rẹ̀ dé nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́; ó sàn kí ẹ ti wọlé kí ìjiyàn náà tó kàn yín. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká owó agbẹjọ́rò lè lọ sí Legal Aid Council.

Ṣé ó lè tún forúkọ sílẹ̀ bí ara rẹ̀ bá yá?

Ọjọ́ orí ni kí ẹ wò kọ́kọ́. Nínú àwọn ìkéde ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n ti gbé jáde sẹ́yìn, ọdún 18 sí 22 ni wọ́n máa ń béèrè fún àwọn tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́, ọdún 18 sí 26 fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́; ẹ wo ohun tí ìkéde tuntun bá sọ. Ọmọ tó ti pé 21 tó sì kọ́ iṣẹ́ rẹ́wáyà tàbí ti mẹkáníìkì gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ rí àyè ọdún díẹ̀ sí i. Kí ó má fi ìfarapa àtijọ́ pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù.

Ẹnìkan pè wá pé tí a bá san owó, wọn kò ní dá a dúró. Ṣé kí a san án?

Ẹ má san kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ológun ń sọ pé ìgbanisíṣẹ́ jẹ́, ìgbìmọ̀ oníṣègùn kì í sì í pe òbí lórí fóònù láti dúnàádúrà. Ẹni tó pè yín lè mọ orúkọ ọmọ, nọ́ńbà rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, nítorí pé ọ̀rọ̀ ń jáde láti inú ibùdó bí ó ti ń jáde láti ibi gbogbo. Ẹ kọ nọ́ńbà tó fi pè àti ohun tó sọ sílẹ̀, ẹ gé ìpè náà, kí ẹ sì fi tó ẹ̀ka ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àwọn ológun létí. Bí ó bá tún pè pé ọ̀la ni àkókò yóò parí, ìdáhùn kan náà ni.